Ẹni Fi Sùúrù Pa Èèrà: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Ń Gé Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gígùn sí Sílébù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Bí èèrà gan-an ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn ṣe rí lójú tèmi. Bí a bá kánjú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a kò ní rí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ gé e sí wẹ́wẹ́, gbogbo ìfun rẹ̀ ni yóò hàn sí wa kedere. Ìtàn bí wọ́n ṣe ń gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ìjà tí àwọn tí wọ́n ni èdè náà fúnra wọn ti jà lórí rẹ̀, ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi ronú sí i.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa ní kí n dìde kí n ka ìpínrọ̀ kan sókè. Mo ń kà á lọ geerege títí mo fi kan ọ̀rọ̀ kan, "hyperbole". N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Ojú nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mo wò ó pé "hyper" ni ó wà níwájú, "bole" ni ó wà lẹ́yìn, mo sì pè é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i: "háípá-bóòlù". Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa pàápàá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń pè é. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Bóòlù, orúkọ yìí kò sì kúrò lára mi títí mo fi jáde. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé n kò nawọ́ sókè mọ́ láti kàwé ní kíláàsì náà. Èmi tí mo fẹ́ràn ìwé kíkà bí ojú di ẹni tí ń fi orí pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn nígbà tí olùkọ́ bá ń wá ẹni tí yóò kàwé.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo wọ yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà, pé sílébù mẹ́rin ni ó ní, hy-per-bo-le, àti pé wọ́n ń pe "e" tí ó kẹ́yìn rẹ̀ síta, wọn kì í gbé e mì bí ti "hole" tàbí "pole". Kò sí àmì kankan lára ọ̀rọ̀ náà tí ì bá sọ èyí fún ọmọdé tí kò gbọ́ ọ rí.

N kò bá máà rántí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yìí bí kò bá ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì pé òun fẹ́ yí àkòrí iṣẹ́ ìwádìí òun padà. Iṣẹ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Lórí bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ nínú èdè Yorùbá ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú àkòrí yẹn tí n kò lè pè níwájú èèyàn." Ọ̀rọ̀ náà ni "nominalization". Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú fẹ́ sọ ọ́ nù nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo rí ara mi nínú rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin náà.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè tiwa. Nínú èdè Yorùbá, sílébù kò le rárá. Oríṣi mẹ́ta péré ni ó wà: fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, bí "a" nínú "adé", kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, bí "dé" nínú ọ̀rọ̀ kan náà, àti kọ́ńsónáǹtì aránmúpè tí ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí sílébù, bí "ń" nínú "òróńbó". A kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí sílébù, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńsónáǹtì méjì kì í so mọ́ ara wọn. Ẹyọ ìró kan ni "gb" bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà méjì ni a fi kọ ọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀. Iye ohùn tí a bá gbọ́ ni iye sílébù tí ó wà níbẹ̀. Ò-ró-ń-bó: ohùn mẹ́rin, sílébù mẹ́rin. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé lè fi àtẹ́wọ́ kà á, onílù sì lè fi dùndún sọ ọ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Sílébù kan ṣoṣo nínú èdè náà lè ru kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta síwájú, kí ó sì tún wọ́ òmíràn sẹ́yìn, bí a ti rí i nínú "strengths", tí lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án, tí sílébù rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan. Ní ìdàkejì, "area" tí kò ní ju lẹ́tà mẹ́rin lọ ní sílébù mẹ́ta. Nítorí náà, kíka lẹ́tà kò lè sọ iye sílébù fún wa. Ìdí èyí wà nínú ìtàn. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster ní 1476, àwọn òǹtẹ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí í so àkọtọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní àkókò kan náà tí ẹnu àwọn èèyàn ń yí padà gidigidi. Ẹnu ń lọ, àkọtọ́ dúró. Ìdí nìyí tí "Wednesday" fi gbé "d" rẹ̀ ká títí di òní, tí sílébù rẹ̀ sì jẹ́ méjì péré lẹ́nu, àti ìdí tí ìlú "Worcester" ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi jẹ́ sílébù méjì fún àwọn ará ibẹ̀, nígbà tí àlejò tó bá kà á lójú ìwé yóò pè é ní mẹ́ta.

Ẹ wo ìrù ọ̀rọ̀ náà "-tion", tí ó dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ mi. Láyé Chaucer, akéwì tí ó kú ní 1400, sílébù mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ sí "nation" lónìí, na-ci-oun, nítorí pé láti inú èdè Faransé ni wọ́n ti yá a, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ síta. Títí di ìgbà Shakespeare, tí ó kú ní 1616, àwọn akéwì ṣì lè pe ìrù yìí ní sílébù méjì bí ìlù ewì wọn bá ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìparí ìlà. Lẹ́yìn náà ni ẹnu pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, "ṣọn". Ṣùgbọ́n lójú ìwé, ti-on ṣì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ní 1740, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Thomas Dilworth gbé ìwé àkọtọ́ kan jáde ní London, "A New Guide to the English Tongue". Ìwé yìí lókìkí púpọ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà tí ó ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀nà tí Dilworth gbà ń kọ́ ọmọdé ni pé kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, kí wọ́n máa pe lẹ́tà sílébù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀nà náà dára. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí ó ti ń gé e. Òfin àwọn onígírámà èdè Látìn ni ó tẹ̀lé: bí kọ́ńsónáǹtì kan bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, kí ó bá èyí ẹ̀yìn lọ, bí ó bá jẹ́ méjì tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kí àwọn méjèèjì jọ lọ. Nípa báyìí, "cluster" di clu-ster, "habit" di ha-bit, "bishop" sì di bi-shop. Ní ti "-tion", ó fi í sílẹ̀ ní méjì, ti-on, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyọ kan ni gbogbo ayé ń pè.

Ẹ ò rí i pé bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ Yorùbá gan-an ni òfin yìí ṣe rí? Kọ́ńsónáǹtì tẹ̀lé fáwẹ̀lì ẹ̀yìn, sílébù sì parí sí fáwẹ̀lì. Fún wa, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sílébù tí ó bá parí sí fáwẹ̀lì ń sọ fún òǹkàwé pé kí ó fa fáwẹ̀lì náà. Ọmọ tí ó bá rí "ha-bit" yóò pè é bíi "héè-bit". Ẹni tí ó rí "bi-shop" yóò pè é bíi "báì-ṣọp". Ọ̀bẹ tí ó yẹ kí ó ran ọmọdé lọ́wọ́ ni ó ń gé e lọ́wọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ pariwo èyí dé ibi tí gbogbo ayé ti gbọ́. Noah Webster ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Connecticut ni wọ́n bí i sí ní 1758, ó kàwé ní Yale, ó sì di olùkọ́ àwọn ọmọdé. Ìwé Dilworth ni wọ́n ń lò. Ojoojúmọ́ ni ó sì ń gbọ́ bí ó ṣe ń da ahọ́n àwọn ọmọ rú. Ní 1783, ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn òmìnira Amẹ́ríkà, ó gbé ìwé àkọtọ́ tirẹ̀ jáde ní ìlú Hartford. Òun ni wọ́n wá mọ̀ sí "The American Spelling Book" lẹ́yìn náà. Ohun tí ó ń sọ kò le: kí a gé ọ̀rọ̀ síbi tí ẹnu ti ń gé e. Clus-ter, hab-it, bish-op. Kí "-tion" àti "-sion" sì jẹ́ sílébù kan, nítorí pé kan ni wọ́n. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ gígé ọ̀rọ̀ ni kí ó tọ́ ọmọdé sí bí yóò ṣe pe ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá ṣe èyí, kò wúlò.

Àwọn kan bínú sí i. Wọ́n ní ta ni ọmọ kékeré yìí tí ó fẹ́ kọ́ àwọn àgbà ní bí wọ́n ṣe ń kàwé? Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ rí i pé ó rọrùn. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ẹ̀dà ìwé náà ni wọ́n tà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n sì ń pè é ní ìwé ẹlẹ́yìn búlúù nítorí àwọ̀ èèpo rẹ̀. Webster yìí kan náà ni ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè ńlá jáde ní 1828, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì parẹ́ lára ìwé atúmọ̀ èdè Amẹ́ríkà títí di òní.

Ní London pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà ń gbóná. Samuel Johnson ti gbé ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní 1755. Ó fi àmì sí ibi tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé bí a ṣe ń pe ìyókù. Ní 1780, Thomas Sheridan gé ọ̀rọ̀ sí sílébù nínú ìwé tirẹ̀, ó sì tún wọn kọ bí wọ́n ṣe ń dún. Ọmọ ilẹ̀ Ireland ni Sheridan, Johnson sì béèrè ẹ̀tọ́ tí ọmọ Ireland ní láti kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bí wọn yóò ṣe sọ èdè wọn. Ní 1791, John Walker gbé tirẹ̀ dé, ó sì kọ òfin pàtó sínú rẹ̀ fún àwọn ará Scotland, àwọn ará Ireland, àti àwọn ará London fúnra wọn, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àṣìpè tí ó mọ́ wọn lára. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn ará London! Àwọn tí a bí sínú èdè náà, tí wọ́n mu ún nínú omi ọyàn, ni wọ́n ń kọ̀wé sí pé wọn kò mọ̀ ọ́n pè. Kí wá ni ó yẹ kí ó ti ojú ọmọ Yorùbá tí ó fi ojú nìkan mọ ọ̀rọ̀ kan?

Ìjà náà kò tíì parí pátápátá. Bí "knowledge" bá kọjá ìparí ìlà, àṣà àwọn òǹtẹ̀wé Amẹ́ríkà ni kí wọ́n gé e sí knowl-edge, bí ẹnu ṣe pè é. Àṣà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni know-ledge, kí a lè rí orírun rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àmì tóótòòtó tí ẹ ń rí láàárín ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé ibi tí òǹtẹ̀wé ti lè gé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà ni wọ́n ń tọ́ka sí, kì í ṣe ibi tí ẹnu ti ń gé e. Bí ẹ bá ń wá bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, àkọsílẹ̀ ìró tí wọ́n fi sáàárín ìlà dídagun méjì ni kí ẹ wò. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ fónẹ́tíìkì tí ó ń tọ́jú àwọn àmì ìró náà bẹ̀rẹ̀ ní Paris ní 1886, Daniel Jones sì fi irú àmì bẹ́ẹ̀ kọ ìwé atọ́nà pípe èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní 1917.

Ibo ni àwa wọ inú ìtàn yìí? Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní ìlú Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni ó ti bá lẹ́tà pàdé, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó sì ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni a wá mọ̀ sí Samuel Àjàyí Crowther. Nígbà tí òun náà jókòó láti kọ èdè abínibí rẹ̀ sílẹ̀, nínú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1843 àti ẹ̀dà tí ó tún ṣe ní 1852, ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀ pátápátá sí wàhálà tí ó bá pàdé nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá lẹ́tà fún ìró, wọ́n fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, wọ́n sì fi àmì sórí fáwẹ̀lì láti fi ohùn hàn. Ìpàdé àwọn ìjọ ní Èkó ní 1875 tún àkọtọ́ náà yẹ̀ wò. Nítorí iṣẹ́ wọn ni ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ẹ kò gbọ́ rí, bí ó ti wù kí ó gùn tó, bí àmì rẹ̀ bá pé, ẹ ó pè é láìṣìnà. Ogún ńlá ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a máa kọ èdè wa láìfi àmì sí i.

Àwọn tí kò kàwé nínú àwọn baba wa pẹ̀lú ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè láìmọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ní ọjà, ní kóòtù, àti ní ẹnu àwọn òyìnbó, ni wọ́n gé sí sílébù tiwa. "Bread" tí ó jẹ́ sílébù kan di bú-rẹ́-dì, mẹ́ta. "Brick" di bí-rí-kì, "class" sì di kí-lá-à-sì, mẹ́rin. Ibi tí kọ́ńsónáǹtì méjì bá ti so pọ̀, wọ́n á fi fáwẹ̀lì là wọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti parí sí kọ́ńsónáǹtì, wọ́n á fi fáwẹ̀lì tì í. Àwọn kan ń fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀. Bí èdè kọ̀ọ̀kan ṣe ń gba àlejò nìyẹn: yóò fún un ní aṣọ ilé wọ̀.

Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni ohùn. Ẹ fetí sí "tíṣà", "lọ́yà", "mọ́tò" àti "gómìnà". Sílébù àkọ́kọ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹnu mọ́ nínú "teacher", "lawyer", "motor" àti "governor". Orí rẹ̀ gan-an ni a fi ohùn òkè sí, tí a sì rẹ ìyókù wálẹ̀. Ẹ wá gbọ́ "kọ̀ǹpútà", "tòmátì" àti "maṣíìnì". Níbí, sílébù kejì ni wọ́n ń tẹnu mọ́ nínú "computer", "tomato" àti "machine". Ohùn òkè sì bọ́ sórí pú, má àti ṣí láìtàsé. Nínú "ẹnjiníà", ó sún títí dé ẹ̀yìn, nítorí pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹnu mọ́ nínú "engineer". Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀-àyálò ni ó tẹ̀lé èyí. "Ọsibítù" kò tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e pọ̀ tó láti fi hàn pé etí Yorùbá gbọ́ ohun tí Dilworth àti Webster ń jà lé lórí, ó sì tún gbọ́ ohun tí ó jù ú lọ.

Ohun náà ni ìtẹnumọ́. Gígé ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Nínú èdè tiwa, gbogbo sílébù ni ó dọ́gba bí ọmọ ìyá, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọba kan ni ó máa ń wà láàárín wọn, àwọn yòókù a sì dọ̀bálẹ̀: fáwẹ̀lì wọn a sún kì, a di ìró kúkurú kan tí kì í ṣe a, tí kì í ṣe e. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gùn sí i, ọba náà lè ṣí kúrò. Nínú "photograph", sílébù kìíní ni ó jọba, PHO-to-graph. Nínú "photographer", ó bọ́ sórí ìkejì, pho-TOG-ra-pher. Nínú "photographic", ó dé orí ìkẹta, pho-to-GRAPH-ic. Orírun kan náà, ààfin mẹ́ta. Ẹni tí ó bá gé wọn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ó pe sílébù wọn ní ọgbọọgba, yóò rí i pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ní kí òun tún un sọ.

Ọ̀nà tí mo fi han akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí, ẹ̀yin náà ẹ gbà á wò. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gígùn láti orí. Láti ìrù ni kí ẹ ti mú un. Ìrù ni ó máa ń sọ ibi tí ọba wà. Bí ó bá parí sí "-tion" tàbí "-sion", sílébù kan ni ìrù náà, èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ gan-an ni ọba. Bẹ́ẹ̀ náà ni "-ic", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "Arabic" àti àwọn mélòó kan kọ̀ láti tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ "-ity" tàbí "-logy", tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílébù méjì, "-ity" ń fi ìtẹnumọ́ sórí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, bíi "ability", a-BIL-i-ty. Nínú "-logy", orí "o" tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń bọ́ sí, bíi "biology", bi-OL-o-gy.

A wá mú "nominalization". Mo ní kí ó sọ ìrù nìkan: "ṣọn". Ó sọ ọ́. Mo ní kí ó fi ọba síwájú rẹ̀, kí ó fún un ní ohùn òkè tí onílù ì bá fún un: ZA-tion. Ó sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, i-ZA-tion, al-i-ZA-tion, ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un láti ẹ̀yìn wá síwájú, títí ó fi dé nom-i-nal-i-ZA-tion. Sílébù mẹ́fà péré. Ká ní ayé Chaucer ni, méje ni ì bá jẹ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n rín mi.

Kò yí àkòrí rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ tí ó dúró níwájú àwọn èèyàn, mo jókòó sẹ́yìn, àyà mi ń já ju tirẹ̀ lọ. Ó pe ọ̀rọ̀ náà, ó kọjá lọ bí ẹni tí kò mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó kọsẹ̀ díẹ̀ lára ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó dúró, ó gé e láti ẹ̀yìn, ó pè é, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi í dá lórí iṣẹ́ tí ó ṣe, kò dá lórí ahọ́n rẹ̀. Bí ó sì ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, bí ọmọ kan bá ṣi ọ̀rọ̀ pè lọ́jọ́ tí ó kà á sókè, ẹ rántí pé ìwé ni ó ti rí i. Ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí ti fi ojú rin ìrìn-àjò tí etí rẹ̀ kò tíì rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín títí tí omi yóò fi bọ́ lójú yín, kí ẹ wá gbàgbé láti sọ fún un bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún. Ẹ fún ọmọ náà ní ìṣẹ́jú kan àti sùúrù díẹ̀. Yóò rí ìfun èèrà.

Ní tèmi, títí di òní, bí mo bá ń kọ́ni, tí mo sì dé orí "hyperbole", mo máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Hy-PER-bo-le. Lẹ́yìn náà ni mo ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.